Ta Ló Ka Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè?

Ẹ bá mi kó ìwé ìròyìn ìrìnàjò àti àṣà márùn-ún tàbí mẹ́fà jọ, kí ẹ ṣí ibi tí wọ́n ti kọ̀wé nípa Òkè Ìdànrè. Ẹ má wulẹ̀ ka ohun mìíràn, iye àtẹ̀gùn tí ènìyàn ń gùn dé òkè nìkan ni kí ẹ wá. Ẹ ó rí i pé ẹnì kan á kọ 660, ẹlòmíràn á ní 667 ni, ẹnì kẹta á fi gbogbo ẹnu sọ pé 682 ni. Òkè kan náà ni o, kì í ṣe mẹ́ta. Àtẹ̀gùn ọ̀hún kì í sì í ṣe ìràwọ̀ ojú ọ̀run tí a ò lè kà tán. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn ún, tó ń kà á bó ti ń lọ, á lè sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kíkà, àti bóyá ó ka àwọn ibi ìsinmi ojú ọ̀nà mọ́ ọn. Nínú àwọn tí mo kà, n kò rí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀.

Èmi náà ti kọ irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ rí láìjẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ náà. Olóòtú á ní òun fẹ́ ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ kan lórí Ìdànrè kí oṣù tó parí. Kò ní dárúkọ owó mọ́tò, kò ní bèèrè ibi tí ènìyàn máa sùn. Ìgbà tí iṣẹ́ bá jáde tán ni owó ń bọ̀, bó bá tilẹ̀ máa bọ̀. Ẹni tó wà ní Èkó á wá jókòó ṣírò: kó wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, kó wọ òmíràn dé Ìdànrè, kó sanwó ìwọlé, kó fún ẹni tó mú un yí òkè ká ní nǹkan, kó jẹun, kó sùn, kó padà. Owó àpilẹ̀kọ ti tán sójú ọ̀nà! Ṣùgbọ́n bó bá jókòó sílé, tó fa àpilẹ̀kọ àtijọ́ méjì yọ, tó yí ọ̀rọ̀ inú wọn po, èrè ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin náà, èwo lẹ rò pé wọ́n á yàn?

Àpilẹ̀kọ ìjókòó-sílé kì í fara pamọ́. Gbogbo nǹkan ibẹ̀ ló máa ń jẹ́ “mérìíyìírí”, gbogbo rẹ̀ ló ti wà “láti ayébáyé”, kò sì sí ẹyọ ènìyàn kan tó lanu sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á wá to nǹkan bí tíṣà tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì: ààfin Ọwá àtijọ́, ojúbọ, ilé ẹjọ́ àtijọ́, ilé agogo, ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn, Omi Àópàrà, ibojì. Ètò yẹn gan-an ló wà nínú ìwé tí orílẹ̀-èdè wa fi ránṣẹ́ sí UNESCO nígbà tí wọ́n kọ orúkọ Ìdànrè sí ìwé àwọn tó ń dúró de ìgbà tiwọn ní 2007. Àwọn kan tún wá sọ ìdúró di ìwọlé, wọ́n ní Ìdànrè ti di ogún gbogbo ayé. Sukur ló wọlé ní 1999, Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo sì wọlé ní 2005. Ta ló fi Ìdànrè kún un?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn yìí. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, ti ọmọdé ni o, ti àgbà ni o, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn! Ìlà kan péré ni ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ ń fún un, wọ́n á sì sáré kọjá. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo rí i bí àwọn àlejò ṣe ń ti ara wọn síwájú, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tí ojú ń ti àwọn mìíràn. Ìyá kan yẹra pátápátá. Ó ní, “Ẹ fi tèmi sílẹ̀ jàre, ẹsẹ̀ mi ti wú.” Mo kọ èyí sínú iṣẹ́ mi. Olóòtú yọ ọ́ kúrò, ó ní kò bá fọ́tò mu.

Àwọn àgbà òǹkàwé á rántí Nigeria Magazine tí owó ìjọba gbé ró ní Èkó. Michael Crowder, òyìnbó onímọ̀ ìtàn, ló ṣe olóòtú rẹ̀ láti 1959 títí di 1962, kí Onuora Nzekwu tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì kan náà ló jọ kọ Eze Goes to School, èyí tó jáde ní 1963. N kò ní yin ìwé ìròyìn náà kọjá bó ṣe yẹ. Ojú àlejò ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ̀wé sínú rẹ̀ láyé àwọn òyìnbó fi wo ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n wọ́n ń lọ, ẹ jọ̀wọ́. Ìròyìn kò tó àfojúbà, wọ́n sì mọ̀ pé àfojúbà lówó nínú.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ọ̀rọ̀ àdàkọ wọ̀nyí ń padà lọ bá àwọn onílé. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú wa gun òkè léèrè iye àtẹ̀gùn, ó dá mi lóhùn kíá. Mo ní, “Ṣé ìwọ lo kà á ni?” Ó ní, “Rárá o, ó wà nínú ìwé ìròyìn.” Ọmọ Ìdànrè ni o! Àwọn àgbà tí òbí wọn gbé orí òkè yẹn, tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, kò sẹ́ni tó wá wọn lọ, nítorí wọn kò sí nínú àpilẹ̀kọ tí a ń dà kọ.

Ní tèmi, mo ti sọ fún olóòtú tó tún ránṣẹ́ pè mí lóṣù tó kọjá: ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ kò nira, ṣùgbọ́n kí owó mọ́tò kọ́kọ́ dé ná. N kò tíì gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀.