Òfin Ìrajà Ìjọba Làìbéríà: Bí Ó Ṣe Rí Láti Vai Town

Ní ọdún 2005, nígbà tí ogun abẹ́lé Làìbéríà kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí ó parí, ìjọba fìdíhẹ tí Gyude Bryant jẹ́ olórí rẹ̀ ṣe òfin tuntun kan lórí bí ìjọba yóò ṣe máa ra ọjà, bí yóò ṣe máa gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, àti bí yóò ṣe máa yọ̀ǹda igbó àti ilẹ̀ kùsà fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Òfin yìí ni ó bí àjọ tí wọ́n ń pè ní PPCC, tí ń ṣọ́ gbogbo ètò náà. Ní ọdún 2010 wọ́n tún òfin ọ̀hún kọ. Àwọn tí ń yìn ín àti àwọn tí ń bú u ti sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n inú ọ́fíìsì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń wò ó: iye ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, iye ìdíje tí wọ́n kéde. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó bèèrè ohun tí òfin náà ṣe fún gbẹ́nàgbẹ́nà, aránṣọ àti olóúnjẹ tí ó wà ní Vai Town, ní ìdí afárá, níbi tí Erékùṣù Bushrod ti kọjú sí àárín ìlú Monrovia.

Kò sí ẹni tí ó mọ ìtàn orílẹ̀-èdè náà tí yóò sọ pé òfin bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó wà. Ọ̀rọ̀ igbó nìkan tó ẹ̀rí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ kan yẹ àwọn ìwé àṣẹ igi gígé wò ní 2005, wọ́n rí i pé bí wọ́n bá ro gbogbo ilẹ̀ tí ó wà nínú ìwé wọ̀nyí pọ̀, yóò ju ìlọ́po méjì gbogbo igbó Làìbéríà lọ. Wọ́n ti ta igi kan náà fún ẹni méjì, ẹni mẹ́ta. Nígbà tí Ellen Johnson Sirleaf gorí oyè ní oṣù kìíní 2006, àṣẹ Ààrẹ àkọ́kọ́ tí ó fi síta ni ó fi wọ́gi lé àwọn ìwé àṣẹ igbó náà pátá. Ìjọba rẹ̀ tún kó àdéhùn 105 tí ìjọba fìdíhẹ ṣe jọ láti yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n fọwọ́ sí àwọn kan, wọ́n fagi lé àwọn mìíràn, wọ́n sì tún àwọn kan dúnàá dúrà. Àdéhùn irin tí wọ́n bá Mittal Steel ṣe ní oṣù kẹjọ 2005 wà lára èyí tí wọ́n tún ṣe ní ìparí 2006. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ń ṣèrànwọ́ kò tilẹ̀ dúró de òfin. Nínú ètò tí wọ́n pè ní GEMAP, wọ́n fi àjèjì sí èbúté, pápákọ̀ òfuurufú àti ilé iṣẹ́ epo, tí owó kò fi lè jáde bí wọn kò bá fọwọ́ sí i. Ìtìjú ni èyí fún orílẹ̀-èdè tí ó ti gba òmìnira láti 1847, ṣùgbọ́n àpò tí ń jò ni ó fa ìtìjú náà.

Ibi tí ó yẹ kí àtúnṣe yìí ti tu ènìyàn lára ni ibi bíi Vai Town. Orúkọ Bushrod wá láti ara Bushrod Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ tí ó kó àwọn aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà wá sí etíkun yìí. Orúkọ Vai Town sì jẹ́ ti àwọn Vai, tí orírun wọn wà ní apá Cape Mount. Èbúté ńlá Monrovia wà ní erékùṣù náà, ilé ìpamọ́ epo sì wà níbẹ̀. Ní oṣù keje 2003, àwọn ọlọ̀tẹ̀ LURD gba erékùṣù náà, àwọn ọmọ ogun ìjọba dúró ní òdìkejì afárá, ìbọn sì ń dún láti etí odò kan sí èkejì. Oúnjẹ wà ní èbúté nígbà náà, ebi ń pa àárín ìlú. Nígbà tí ìbọn dákẹ́, ohun tí ó kù fún àwọn ará ibẹ̀ ni ọwọ́ wọn. Ìjọba tí ó fẹ́ tún ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ṣe nílò tábìlì, ìlẹ̀kùn, aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì, oúnjẹ ìpàdé. Lójú oníṣẹ́ ọwọ́, ìjọba nìyẹn: oníbàárà kan tí ó lè ra ogún ìjókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá mọ ènìyàn ni í rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbà. Ọ̀gá ọ́fíìsì yóò ránṣẹ́ sí gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó ti bá a ṣiṣẹ́ rí, wọn yóò dá iye lé e, ó parí. Kì í ṣe ètò tí ènìyàn ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ojú ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, iye owó sì máa ń fẹ̀ ní ìdajì láàárín ẹni tí ó ṣiṣẹ́ àti ẹni tí ó sanwó. Síbẹ̀, ó ní ohun kan tí òfin tuntun kò ní: ó mọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí ìwé. Ẹni tí tábìlì rẹ̀ bá fọ́ lẹ́yìn oṣù kan, wọn kò tún ní pè é mọ́.

Òfin 2005 ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ ìrajà àti ẹ̀ka tí yóò máa bójú tó o, kí ó kọ ètò ohun tí yóò rà lọ́dún kan ránṣẹ́ sí PPCC, kí ó kéde iṣẹ́ ńlá fún gbogbo ènìyàn láti díje, kí ó sì gba ìwé ìdíyelé lọ́wọ́ olùtajà bíi mélòó kan fún iṣẹ́ kékeré. Ẹni tí yóò díje gbọ́dọ̀ ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò àti ìwé ẹ̀rí owó orí. Bí iṣẹ́ bá tóbi díẹ̀, wọn yóò bèèrè ìwé onídùúró láti báǹkì. Ó dára létí. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè tí ogun ti fọ́n àwọn akọ̀wé ká, àwọn tí yóò kọ ètò náà kò tó. Ní ìdí afárá ẹ̀wẹ̀, owó tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń ra pákó wà nínú èsúsú, tí àwọn ará Làìbéríà ń pè ní susu. Báǹkì kì í ṣe onídùúró fún ẹni tí kò fi owó pamọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àlàyé tí àwọn aláṣẹ sábà máa ń ṣe ni pé oníṣòwò kékeré kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ ní Vai Town rárá. Láti nǹkan bí 1833 ni Momolu Duwalu Bukele ti dá àmì ìkọ̀wé sílẹ̀ fún èdè Vai, láìjẹ́ pé ìjọba tàbí ilé ẹ̀kọ́ kankan rán an. Àwọn Vai fi ń kọ lẹ́tà sí ara wọn, wọ́n fi ń kọ gbèsè àti ìṣirò òwò sílẹ̀. Láti ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, láti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n sí àbúrò. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti Amẹ́ríkà wá wò ó ní àwọn ọdún 1970, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ náà kọ ìwé ńlá. Ìwé kò ṣe àjèjì sí àwọn ènìyàn yìí. Ohun tí wọn kò ní ni ìwé tí ìgbìmọ̀ ìrajà mọ̀. Òfin tí ó ka ìwé èṣí tí ọ́fíìsì lù ní òǹtẹ̀ sí, tí kò sì ka ìṣirò ogún ọdún tí oníṣòwò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí, ti ṣe ìdájọ́ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ̀ sì wọlé láti ibẹ̀: ẹnì kan yóò forúkọ ilé iṣẹ́ mẹ́ta sílẹ̀, yóò kọ ìdíyelé mẹ́ta, yóò sì borí ara rẹ̀. Ìwé rẹ̀ á pé pérépéré.

Ojú ọjọ́ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Òjò Monrovia kì í ṣe òjò yẹpẹrẹ. Láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹwàá ni ó ń rọ̀, ìlú náà sì wà lára àwọn olú ìlú tí òjò ń pa jù lọ láyé. Títí di 2021, oṣù keje ni ọdún ìṣúná Làìbéríà ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ní àárín òjò. Bí ilé aṣòfin bá pẹ́ kí ó tó fọwọ́ sí ìṣúná, tí ó sì sábà máa ń pẹ́, ètò ìrajà yóò pẹ́, ìkéde yóò pẹ́, ìgbìmọ̀ yóò jókòó, ẹni tí ó fìdí rẹmi yóò fi ẹjọ́ sùn. Nígbà tí wọ́n bá fi máa gbé iṣẹ́ ojú ọ̀nà jáde, ẹ̀ẹ̀rùn ti ń lọ, òjò mìíràn ti ń ṣú. Kì í ṣe òfin ìrajà ni ó fa òjò, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ ọ́ kò wo ojú ọ̀run. Nígbà tí wọ́n gbé ọdún ìṣúná lọ sí oṣù kìíní láti 2022, a jẹ́ pé wọ́n ti rí i.

Bí òfin yìí bá mú ẹni ńlá bí ó ti mú ẹni kékeré, ará Vai Town ì bá fara dà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2013, ilé iṣẹ́ Moore Stephens yẹ àdéhùn 68 wò, àdéhùn kùsà, igbó, epo àti oko ńlá tí ìjọba ṣe láti 2009. Àwọn tí ó tẹ̀lé òfin tọ́wọ́ tẹsẹ̀ nínú wọn kò tó mẹ́wàá. Àwọn àdéhùn tí ó ń pín ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Tábìlì ilé ẹ̀kọ́ kọ́. Ní 2016 ni ẹgbẹ́ Global Witness gbé ẹ̀sùn tí ó wúwo jù jáde. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ń tún òfin náà kọ ní 2010, ilé iṣẹ́ Sable Mining ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ń wá irin òkè Wologizi, na owó fún àwọn aláṣẹ kí wọ́n lè ki gbólóhùn kan bọ inú rẹ̀, èyí tí yóò jẹ́ kí mínísítà yọ ilẹ̀ kùsà kan kúrò lábẹ́ ìdíje. Àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sẹ́, ilé iṣẹ́ náà sẹ́, wọ́n gbé àwọn kan lọ sí ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá wọn sílẹ̀ ní 2019. Sable kò rí òkè náà gbà. Ẹjọ́ ti parí, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó tún pe ẹni tí ilé ẹjọ́ dá sílẹ̀ ní ọ̀daràn. Ọ̀rọ̀ tí ó kù jẹ́ ti òfin fúnra rẹ̀: gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó fẹ́ kan ogún ìjókòó kò ní mínísítà tí yóò sọ pé ìdíje kò kan iṣẹ́ tirẹ̀.

Nígbà àjàkálẹ̀ Ebola ní 2014, ìkánjú ṣí ilẹ̀kùn fún ìrajà láìsí ìdíje, bí òfin ti gbà á láyè. Àyẹ̀wò tí olùyẹ̀wé-owó-wò àgbà gbé jáde ní 2015 sì rí i pé ọ̀pọ̀ owó jáde láìní ìwé tí ó tó. Ní 2024, lábẹ́ Ààrẹ Joseph Boakai, ariwo sọ lórí ẹ̀rọ ìlànà 285 tí wọ́n kéde pé ó ń bọ̀. Ibi tí ìdíje wà ni àwọn ènìyàn ń bèèrè.

Kí òǹkàwé Yorùbá má rò pé ọ̀rọ̀ àjèjì ni èyí. Nàìjíríà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ "Due Process" títí ó fi di ẹ̀fẹ̀ ní ayé Ọbásanjọ́, ó sì ṣe òfin ìrajà tirẹ̀ ní 2007. Òfin náà ní kí ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè kan wà tí àwọn aráàlú àti oníṣẹ́ yóò ní ìjókòó nínú rẹ̀. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ìjọba kan lẹ́yìn òmíràn kò gbé ìgbìmọ̀ yìí dìde, tí ìpàdé àwọn mínísítà ní Abuja ń bá a lọ láti máa pín iṣẹ́ àgbàṣe. Wọ́n mú apá tí ó ń bi ẹni kékeré léèrè ìwé lò kíákíá. Apá tí ó fún aráàlú ní ìjókòó ni wọ́n fi sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀.

Ní 2014, Làìbéríà ṣe òfin mìíràn tí ó ní kí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ìrajà ìjọba jẹ́ ti àwọn oníṣòwò kékeré ọmọ orílẹ̀-èdè náà, kí ìdá 5 ó kéré tán sì jẹ́ ti àwọn obìnrin. Ìpín dára, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé sí i: ìwé kan náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ìsanwó tí ó ń pẹ́ kan náà, tí èsúsú kò lè dúró dè. Bí PPCC bá ń ka ìkéde iṣẹ́ kékeré lórí rédíò ní Vai, Kpelle àti Bassa, tí ìgbìmọ̀ ìrajà bá lọ wo iṣẹ́ tí oníṣẹ́ ti ṣe dípò kí wọ́n béèrè onídùúró báǹkì, tí wọ́n sì san owó tábìlì láàárín oṣù kan tí tábìlì dé, obìnrin tí ń se oúnjẹ tà ní ìdí afárá Vai Town yóò lè fi orúkọ ara rẹ̀ díje fún oúnjẹ ilé ìwòsàn tí ó wà ní ìtòsí rẹ̀, kò sì ní fi orúkọ ẹlòmíràn ṣe é.