Ta Ni “Mo” Nínú Géèmù? Àgbéyẹ̀wò The Last of Us àti Apá Rẹ̀ Kejì

1.0 Ìfáárà

Bí ènìyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣe géèmù, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ “Wọ́n ti pa mí!” tàbí “Mo ti kú!” Ẹni tí ó sọ ọ́ kò kú, ó jókòó sórí àga, páàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti fẹ́ tún un bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn kékeré yìí yẹ kí ó jẹ akẹ́kọ̀ọ́ èdè lógún. Bí apàlọ́ bá ń sọ bí ọwọ́ ṣe tẹ Ìjàpá, “wọ́n mú un” ni yóò wí. Bí òǹwòran fíìmù bá rí i tí wọ́n yìnbọn lu olú ẹ̀dá-ìtàn, “wọ́n ti pa á” ni yóò kígbe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣe géèmù a fi arọ́pò-orúkọ ẹni kìíní rọ́pò ti ẹni kẹta, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

“Mo” yìí ni ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí. A fẹ́ wo ohun tí ó máa ń dé bá a nígbà tí ìtàn inú géèmù bá ní apá kejì. Géèmù tí a yàn ni The Last of Us, tí ilé-iṣẹ́ Naughty Dog ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe, tí ó jáde ní ọdún 2013, àti The Last of Us Part II tí ó tẹ̀lé e ní ọdún 2020. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe méjèèjì tán ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé ni, nítorí náà èrò ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọ̀ràn náà ni a gbé kalẹ̀ níhìn-ín. A ó máa pe ẹni tí páàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní eléré. Èrò wa ni pé apá kejì tí ó tọ́ kí á ṣe ni èyí tí ó bi eléré léèrè ohun tí ó fi “mo” rẹ̀ ṣe ní apá kìíní.

2.0 Apá Kejì Gẹ́gẹ́ Bí Àṣà

Apá kejì kì í ṣe àlejò láàrin wa. Ẹni tí ó bá wo fíìmù Yorùbá inú kásẹ́ẹ̀tì fídíò ní àwọn ọdún 1990 yóò rántí bí ìtàn ṣe máa ń já níbi tí ó ti ń dùn, tí wọn yóò sì ní kí á máa retí apá kejì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjà ni ó bí irú apá kejì bẹ́ẹ̀. Ìtàn kan ṣoṣo ni wọ́n là sí méjì. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ géèmù ṣe rí. Ìbọn a pọ̀ sí i, ọ̀tá a tóbi sí i, àwòrán a mọ́ gaara sí i, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ìtàn ń bèèrè kò ní yí padà.

Oríṣi kejì ni èyí tí “mo” ti ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. D. O. Fágúnwà ti ṣe ohun tí ó jọ ọ́ nínú ìwé. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), Àkàrà-Ògùn ni ó ń sọ ìrìn-àjò ara rẹ̀ fún akọ̀wé. Nígbà tí Igbó Olódùmarè dé ní ọdún 1949, Olówó-Ayé, bàbá Àkàrà-Ògùn, ni ó di olú ẹ̀dá-ìtàn. Ìtàn padà sẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ ọmọ sọ́dọ̀ bàbá. Nínú géèmù God of War ti ọdún 2018, Kratos ni eléré ń darí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bọ́tìnnì ni ó fi ń pàṣẹ fún Atreus, ọmọ rẹ̀, pé kí ó ta ọfà. Nígbà tí God of War Ragnarök jáde ní ọdún 2022, àwọn ibì kan wà tí eléré ti ń di Atreus fúnra rẹ̀. Níbẹ̀, ìtàn lọ síwájú láti ọ̀dọ̀ bàbá sọ́dọ̀ ọmọ, bí ogún. Ìyípadà méjèèjì rọrùn fún wa láti gbà, nítorí pé inú ilé kan náà ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ohun tí The Last of Us Part II ṣe le ju èyí lọ. Ó gba “mo” lọ́wọ́ ẹni tí a fẹ́ràn, ó sì gbé e lé ẹni tí a kórìíra lọ́wọ́.

3.0 Ohun Tí Ọwọ́ Wa Ṣe Ní Apá Kìíní

Ìtàn apá kìíní kò ṣòro í rò. Àrùn kan tí irú olú kan ń fà bẹ́ sílẹ̀, ó sì ń sọ àwọn tí ó bá mú di ẹranko. Eléré kọ́kọ́ jẹ́ Sarah, ọmọdébìnrin tí ó jí lóru tí kò rí bàbá rẹ̀. Láìpẹ́, “mo” kúrò lára Sarah, ó di ti Joel, bàbá rẹ̀, tí ó gbé e mọ́ra tí ó ń sá lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣọ́jà kan ti yìnbọn pa ọmọ náà. Lẹ́yìn ogún ọdún, Joel ti di onífàyàwọ́ ní ìlú Boston. Wọ́n fa Ellie, ọmọ ọdún 14, lé e lọ́wọ́ kí ó mú un la ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọjá lọ bá ẹgbẹ́ kan tí à ń pè ní Fireflies, nítorí pé àrùn náà kò ràn án. Ní ilé-ìwòsàn kan ní Salt Lake City, àwọn Fireflies jẹ́ kí Joel mọ̀ pé iṣẹ́-abẹ tí wọn yóò fi wá oògùn yóò gba ẹ̀mí ọmọ náà. Joel kò gbà. Ó ń pa ẹ̀ṣọ́ lọ láti yàrá dé yàrá títí ó fi kan dókítà, tí òun náà mú ọ̀bẹ iṣẹ́-abẹ lọ́wọ́.

Níhìn-ín ni géèmù ti yàtọ̀ sí ìwé. Nínú ìwé, òǹkọ̀wé yóò kọ ọ́ pé Joel pa dókítà, a ó sì ṣí ojú-ìwé tí ó kàn. Nínú géèmù, ọwọ́ eléré ni ikú náà wà. Ó lè dá àwọn méjì yòókù tí wọ́n wà nínú yàrá náà sí, ṣùgbọ́n ìtàn kò ní tẹ̀ síwájú àfi bí ó bá pa dókítà náà. A jẹ́wọ́ pé àwa kò jẹ́ kí ìtàn dúró dè wá rárá. Ọmọ tí a ti bá rìn nínú oòrùn, tí a bá rìn nínú yìnyín, ni ó sùn sórí ibùsùn yẹn. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo gbé ọmọ náà, mo sì sá. Kí òǹkàwé ṣe àkíyèsí pé “mo” ni mo lò.

Lẹ́yìn náà, Joel parọ́ fún Ellie pé àwọn tí àrùn náà kò ràn pọ̀, àti pé àwọn Fireflies kò wá oògùn mọ́. Ellie gbà, tàbí kí ó ṣe bí ẹni gbà, géèmù náà sì parí síbẹ̀. Bí a ṣe gbé páàdì sílẹ̀, èrò wa ni pé ìtàn náà ti pé, kò nílò àfikún. Ohun tí kò wá sí wa lọ́kàn ni pé a kò mọ orúkọ dókítà tí a pa, a kò sì bi ara wa bóyá ó bí ọmọ.

4.0 Ẹlẹ́jọ́ Kejì La Ẹnu

Ní apá kejì, Ellie ti dàgbà, òun àti Joel ń gbé ní ìlú Jackson ní ìpínlẹ̀ Wyoming. Kò pẹ́ púpọ̀ tí géèmù náà fi gbé “mo” fún ọ̀dọ́bìnrin kan tí a kò mọ̀ rí, Abby, tí àwọn aláàrùn ń lé kiri nínú yìnyín. Joel àti Tommy àbúrò rẹ̀ ni wọ́n gbà á sílẹ̀. Ó mú wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti fi igi gọ́ọ̀fù lu Joel pa ní ìṣojú Ellie. Ellie gbéra, ó di Seattle, ó ń wá ẹ̀san. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi ń dọdẹ Abby àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. A kò ní purọ́: inú wa dùn sí iṣẹ́ náà.

Nígbà tí Abby yọ sí wa nínú ilé tíátà kan, tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìtàn já. Ó padà sẹ́yìn, eléré sì di Abby. Ìgbà yìí ni a wá mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ni dókítà yẹn, pé Jerry ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó yàgbẹ́ ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọjọ́ mẹ́ta kan náà ni a tún lò ní Seattle, ṣùgbọ́n ní ìhà kejì. Àwọn tí Ellie ti pa wà láàyè, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bá ara wọn jà nítorí ìfẹ́. Abby fúnra rẹ̀ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu nítorí Lev, ọmọ ẹgbẹ́ tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń bá jagun. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Eléré ti gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ó ti dá ẹjọ́, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ìdájọ́ náà ṣẹ kí ẹlẹ́jọ́ kejì tó la ẹnu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ “mo” ti le jù ni ìgbà tí ìtàn padà dé ilé tíátà náà. Abby ṣì ni eléré jẹ́. Ellie ni ó ń lúgọ dè é nínú òkùnkùn. Bí eléré bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, Ellie yóò pa á, “Mo ti kú” ni yóò sì wí, ikú láti ọwọ́ ẹni tí òun gan-an ti jẹ́ rí. A gbé páàdì sílẹ̀ níbẹ̀, a jáde lọ mumi. Kì í ṣe pé ó rẹ̀ wá. Ọwọ́ wa ni ó kọ̀ láti lu Ellie. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ̀ láti lù ú, yóò pa wá, ìjà náà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Gírámà ọ̀rọ̀ náà kò fi ibi tí a lè sá sí sílẹ̀: ẹni tí ó ń luni ni “mo”, ẹni tí wọ́n ń lù náà ti jẹ́ “mo” rí.

Àwọn eléré kan bínú gidigidi sí géèmù yìí nígbà tí ó jáde. Wọ́n ní kí ló dé tí wọ́n fi fi ipá sọ àwọn di ẹni tí ó pa Joel. Ìbínú náà yé wa, ṣùgbọ́n a fẹ́ bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Ní ọjọ́ tí wọ́n pa dókítà, ṣé wọn kò fi ipá mú wọn ni? Kò sí ọ̀nà mìíràn níbẹ̀ náà, síbẹ̀ àwa kò ráhùn, nítorí pé ohun tí Joel fẹ́ ni àwa náà fẹ́. Ipá kì í jọ ipá nígbà tí ó bá bá ìfẹ́ inú ẹni mu. Apá kejì ni ó jẹ́ kí á mọ̀ pé láti apá kìíní ni okùn ti wà lọ́rùn wa.

5.0 Orúkọ Àwọn Òkú

Ọgbọ́n ìlò èdè kan wà ní apá kejì yìí tí a gbóríyìn fún ju àwòrán rẹ̀ tí gbogbo ayé ń yìn lọ. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, ọ̀tá kì í lórúkọ; iye ni wọ́n máa ń kà. Níhìn-ín, bí eléré bá pa ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́, ẹni tí ó bá rí òkú náà a kígbe orúkọ rẹ̀. Àwọn ajá pàápàá ní orúkọ. Ajá kan wà, Alice, tí a pa nígbà tí a jẹ́ Ellie; nígbà tí a di Abby, ajá yẹn kan náà ni ó ń tẹ̀lé wa kiri.

Àwa tí à ń wo ilé kí á tó sọ ọmọ lórúkọ ni ó yẹ kí èyí yé jù. Orúkọ kì í ṣe àmì lásán. Ẹni tí ó bá ní orúkọ ní ẹni tí ó sọ ọ́ ní orúkọ náà, ó sì ní ẹni tí yóò máa pè é. Ní ìṣẹ́jú tí a bá gbọ́ orúkọ òkú lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ̀, “ó” tí a pa ti di ẹni tí òun náà ń pe ara rẹ̀ ní “mo”.

6.0 Àléébù

Iṣẹ́ yìí kò ṣàìní àléébù. Èkíní, ó gùn jù. Bí eléré ṣe di Abby ni ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìbọn àti agbára jọ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí ilé rẹ̀ wó tí wọ́n ní kí ó tún ìpìlẹ̀ gbẹ́. Èkejì, ọwọ́ òǹkọ̀wé máa ń hàn nígbà mìíràn. Ajá, àwọn ọmọ tí Abby ń gbà là, gbogbo rẹ̀ ń tẹ̀lé ara wọn bí ìwé ẹ̀bẹ̀, tí a fi ń mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kí á fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ó dùn wá jù. Ní ìparí ìtàn, ní Santa Barbara, a bá ẹgbẹ́ kan tí ń kó ènìyàn lẹ́rú pàdé. A kò rí ilé àwọn wọ̀nyí, a kò mọ ohun tí ó sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Ìkà ni wọ́n, ó tán. Géèmù tí ó ti fi ọ̀pọ̀ wákàtí kọ́ wa pé kò sí òkú tí kò ní ẹbí wá tún kó àwọn tí a lè pa láìronú lé wa lọ́wọ́. Òfin tí ó fi dè wá, òun fúnra rẹ̀ ti rú u.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Síbẹ̀, ìparí rẹ̀ tún un ṣe. Ní etí òkun Santa Barbara, Ellie rí Abby níbi tí wọ́n so ó mọ́ òpó, ó ti rù kan egungun. Ó tú u sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi ipá mú un jà nínú omi. Láti ìgbà tí a ti wọ inú omi yẹn ni a ti fẹ́ dáwọ́ dúró. Géèmù kò gbà. A ń tẹ bọ́tìnnì, Ellie ń lù, Abby gé ìka méjì jẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Ellie ti tẹ Abby rì sínú omi, tí ó kù díẹ̀ kí ẹ̀mí rẹ̀ bọ́, àwòrán Joel tí ó jókòó ti gìtá rẹ̀ wá sí i lọ́kàn, ó sì fi Abby sílẹ̀. Òun ni ó fi í sílẹ̀; eléré kọ́. A kò fún wa ní bọ́tìnnì kankan tí a fi lè ṣe ìyẹn.

Nígbà tí a kọ́kọ́ rí i, ó dùn wá. A ní kí ni ó dé tí géèmù fi lo ọwọ́ wa fún gbogbo ìpànìyàn, tí kò lò ó fún àánú. Bí a ṣe ń rò ó síwájú sí i, a rí i pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni ó ni ìdáríjì. Eléré lè bá Ellie sọ pé “mo pa á”, kò lè bá a sọ pé “mo dárí jì í”. Níbẹ̀ ni “mo” ti kúrò lọ́wọ́ wa pátápátá. Ellie di “ó”, ó padà sí ilé tí ó ti ṣófo, ó mú gìtá tí Joel kọ́ ọ, ìka tí ó kù kò sì tó ta á bó ṣe yẹ.

Ìdí nìyí tí a fi gbà pé apá kejì yìí tọ́ sí orúkọ rẹ̀. Ó padà sí ohun tí ọwọ́ wa ṣe, ó sì jẹ́ kí á gbọ́ orúkọ ẹni tí a ṣe é sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń wá kókó fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ kò nílò kí wọ́n lọ jìnnà. Kí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣe géèmù, kí wọ́n fetí sí arọ́pò-orúkọ. Bí wọ́n bá gbọ́ “Wọ́n ti pa mí”, kí wọ́n bi ẹni tí ó wí bẹ́ẹ̀ pé: ìwọ ńkọ́, ta ni o pa?