Àlọ́ Tí Kò Ní Ègbè: Àríwísí Lórí Ohun Tí Àwọn Olùtọ́jú Ilé-Ìkàwé Ọmọdé Ń Fún Ara Wọn

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni àwọn Yorùbá pín àlọ́ sí: àlọ́ àpamọ̀ àti àlọ́ àpagbè. Orúkọ èkejì yìí ni ó yẹ kí á wò fínnífínní. Kì í ṣe ìtàn inú rẹ̀ ni a fi sọ ọ́ lórúkọ, bí kò ṣe ègbè tí àwọn ọmọdé ń gbè. Èyí fi hàn pé lójú àwọn baba ńlá wa, apàlọ́ nìkan kọ́ ni ó ni àlọ́. Àwọn tí ń dá a lóhùn ní ìpín nínú rẹ̀. Orí òye yìí ni a óò dúró lé láti ṣe àríwísí ọ̀nà tí a ń gbà pín àlọ́ lóde òní fún ìlò àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé ọmọdé, pàápàá ní Àbújá.

Láyé àtijọ́, bí ìyá àgbà bá gbàgbé orin àlọ́, ẹlòmíràn nínú agbo ilé yóò rán an létí. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìkàwé. Olùtọ́jú kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń kojú ogún tàbí ọgbọ̀n ọmọ. Bí àlọ́ bá kùnà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Bí òmíràn bá sì dùn, ọgbọ́n tí ó mú un dùn a bá a lọ sílé. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí wọ́n máa fún ara wọn ní èrò. Ẹni tí ó wà ní Kubwa lè ti rí ojútùú ohun tí ó ń da ẹni tí ó wà ní Gwagwalada láàmú.

A kò ṣàìní ohun tí a lè pín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá tẹ Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá jáde ní 1973. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NTA bẹ̀rẹ̀ ètò Tales by Moonlight ní 1984, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ tí ń wò ó nílé kò lè dá apàlọ́ lóhùn. Ní 2014, àjọ Saide ti ilẹ̀ South Africa gbé African Storybook sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè rí ìtàn ọmọdé ní ọ̀pọ̀ èdè Áfíríkà, Yorùbá pẹ̀lú, kí ó túmọ̀ wọn, kí ó sì tẹ̀ wọ́n sórí ìwé láìsan kọ́bọ̀. Ìwúlò gbogbo wọn kò kéré. Ṣùgbọ́n ìtàn ni olórí ẹrù tí wọ́n gbé wá. Ọgbọ́n pípa á kù síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú àlọ́ kan tí gbogbo wa mọ̀: bí Ìjàpá ṣe jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo, ìyàwó rẹ̀ tí ń wá ọmọ, tí ikùn Ìjàpá sì wú. Lórí ìwé, gbólóhùn kan lè tó láti sọ pé ó fi orin bẹ babaláwo. Lójú agbo, ibẹ̀ gan-an ni àlọ́ wà. Inú orin ni ọmọ tí ń gbè é ti ń gbọ́ ẹni tí ó ń tọrọ àánú, tí ó sì tún ń ṣe àwáwí lẹ́ẹ̀kan náà. Olùtọ́jú tí kò mọ orin náà yóò kà á kọjá, àwọn ọmọ yóò sì jókòó bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù. Kì í ṣe ìtàn ni ó nílò lọ́dọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí ó ti ní in lọ́wọ́. Ó nílò ohùn orin náà. Ó nílò láti mọ̀ bóyá ṣáájú àlọ́ ni a ń kọ́ àwọn ọmọ ní ègbè tàbí láàrin rẹ̀, ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín, àti ìbéèrè tí wọ́n bi apàlọ́ nígbà tí àlọ́ parí.

Àmì ohùn wà lára ohun tí a ń wí. Ẹni tí ó bá kọ orin ránṣẹ́ láìfi àmì sí i ti da ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn. Ọmọ Yorùbá lè fi òye gbé e. Olùtọ́jú tí kì í ṣe Yorùbá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sàn kí ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù, kí ó sì fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé.

Ní Àbújá, ọ̀ràn yìí tún jinlẹ̀ sí i. Láti ìgbà tí olú-ìlú ti kúrò ní Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991, ọmọ Gbagyi onílẹ̀, ọmọ Haúsá, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Yorùbá ni wọ́n jọ ń dàgbà níbẹ̀. Àwọn Haúsá ní Gizo aláǹtakùn àti Ƙoƙi ìyàwó rẹ̀. Àwọn Ìgbò ní Mbe, ìjàpá tiwọn. Bí a bá pa àlọ́ Ìjàpá tán, tí a sì bi ọmọ Haúsá léèrè ohun tí Gizo ì bá ṣe, òun náà ti di apàlọ́. Ẹni tí ó mọ Ìjàpá nìkan kò lè bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti sọ nípa Gizo fún un.

Àwọn kan lè sọ pé kí ilé kọ́kọ́ wà ná. Òtítọ́ ni pé 2006 ni ìjọba gbé iṣẹ́ ilé tuntun Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-Èdè síta ní Àbújá, tí kò sì tíì parí nígbà tí ó di 2022. Ohun ìtìjú ni. Ṣùgbọ́n orin àlọ́ kò dúró de òrùlé. Àwọn mìíràn lè sọ pé ẹni tí ó bá ń gba èrò ẹlòmíràn yóò di ọ̀lẹ. Apàlọ́ wo ni ó dá Ìjàpá sílẹ̀ fúnra rẹ̀? Marie Shedlock, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí Amẹ́ríkà ní 1900, àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé ibẹ̀ sì kọ́ṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ó kọ ìwé rẹ̀ ní 1915, ọgbọ́n pípa ìtàn ni ó fi ṣáájú kí ó tó kó àwọn ìtàn sí i. Ohun tí ó burú ni kí á máa gbà láìdá padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, nígbà tí ẹ bá pa àlọ́ fún àwọn ọmọdé, ẹ má kọ ìtàn nìkan sílẹ̀. Ẹ kọ orin rẹ̀ pẹ̀lú àmì, ẹ kọ ohun tí àwọn ọmọ ṣe, títí kan ibi tí ó ti sú wọn, kí ẹ sì fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà.