Oníbodè Iná

Nínú gbogbo ohun tí ó ń bẹ lórí àpótí irin tí a kan áńpílífáyà onítíúbù sí, n kò tíì rí èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ wúwo tó ti rẹ́kítífáyà, tí ìyìn rẹ̀ sì kéré tó tirẹ̀. Tíúbù tí ń ti sípíkà ni àwọn olólùfẹ́ orin ń kì, tíúbù tí ń gba ohùn wọlé láti orí àwo ni wọ́n ń wá kiri ọjà. Ṣùgbọ́n rẹ́kítífáyà, oníbodè tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ó ń kojú iná tí ń lọ tí ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ó ń jẹ́ kí ó wọlé, tí kò sì jẹ́ kí ó padà, òun ni wọn kì í rántí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ará ilé, àtàgbà àtọmọdé, ti ń jẹun.

Iṣẹ́ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1904 ni John Ambrose Fleming, ọ̀jọ̀gbọ́n ní University College ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ ọ́ di ohun ìlò pé bí a bá fa afẹ́fẹ́ inú gíláàsì tán, tí a mú wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ gbóná títí ó fi pọ́n, tí a sì gbé irin pẹlẹbẹ tí kò gbóná kọjú sí i, ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná yóò máa gbà kọjá láàárín àwọn méjèèjì. Ohun kan náà ni àwọn rẹ́kítífáyà tí à ń pè ní 5Y3GT, 5U4G àti GZ34 ń ṣe títí di òní, àfi pé irin pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n ní, kí èkejì lè ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ̀kan bá ń sinmi. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ẹrù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé, owó ibodè tí ó ń gbà, ìyẹn fóòtì tí ń sọnù sí i lọ́wọ́, àti bí ó ti ń tètè ṣílẹ̀kùn sí.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá ń kan áńpílífáyà kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ bèèrè pé rẹ́kítífáyà wo ni ó lókìkí. Iye iná tí àwọn tíúbù yòókù yóò máa jẹ ni kí ó kọ́kọ́ ṣírò. Ẹ jẹ́ kí a mú EL84, tíúbù kékeré tí ń ti sípíkà, tí ohùn rẹ̀ dùn. Méjì rẹ̀ tí a so pọ̀ lórí fóòtì 300 yóò jẹ nǹkan bí 80 mìlí-áńpù nígbà tí orin kò tíì bẹ̀rẹ̀. Bí orin bá sì dé góńgó, ó lè lé ní 110. EZ81, rẹ́kítífáyà mìíràn tí agbára rẹ̀ jẹ́ 150, tó bọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ apá ọ̀tún àti apá òsì, tí EL84 di mẹ́rin, ẹrù náà di ìlọ́po méjì, EZ81 kan ṣoṣo yóò sì ṣubú sábẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: 250 mìlí-áńpù tí GZ34 lè gbé ni ó tó irú ilé bẹ́ẹ̀.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹsẹ̀ 5Y3GT, 5U4G àti GZ34 bá ihò kan náà mu, ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi ń yọ ọ̀kan, tí wọ́n ń ki òmíràn bọ̀ ọ́, láìbèèrè nǹkan kan. Fóòtì 5 ni gbogbo wọn fi ń mú ara gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n áńpù 1.9 ni GZ34 ń fẹ́, 5Y3GT ń fẹ́ 2, 5U4G sì ń fẹ́ 3. Tìràǹsífọ́mà tí a wé fún áńpù 2, tí a wá gbé 5U4G lé lórí, yóò gbóná títí yóò fi máa rùn. Owó ibodè wọn kò sì dọ́gba. Bí 225 mìlí-áńpù bá ń kọjá, GZ34 yóò gba nǹkan bí fóòtì 17, 5U4G yóò gba 44; 5Y3GT, tí kò yẹ kí ó gbé ju 125 lọ, yóò gba 50 lórí ìwọ̀nba ìyẹn. N kò sọ èyí láti bu 5Y3GT kù. Àwọn onígìtá mọ oore rẹ̀: bí wọ́n bá ta okùn gìtá gidigidi, fóòtì yóò wálẹ̀ díẹ̀, ohùn yóò tẹ̀ kí ó tó tún dìde, èyí sì wà lára adùn áńpílífáyà Fender Deluxe àtijọ́. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ń gbọ́ orin nínú ilé, tí ó fẹ́ kí ìlù dún bí ìlù, GZ34 ni mo fara mọ́.

GZ34, arọra-gbóná, agbérù-má-kérora, agbowó-ibodè-níwọ̀nba! Sùúrù rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Nínú 5U4G àti 5Y3GT, wáyà tí ń pọ́n náà gan-an ni ó ń tú iná jáde, nítorí náà kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ tí wọ́n fi ń jí, nígbà tí EL84 ṣì ń sùn. Nígbà tí kò sì sí ẹni tí yóò jẹ iná náà, fóòtì 300 tí ó ti inú tìràǹsífọ́mà wá yóò ga dé nǹkan bí 425 lórí kàpásítọ̀ tí ń pa iná mọ́, èyí tí a kọ 400 sí lára yóò sì jìyà. Ti GZ34 kò rí bẹ́ẹ̀: wáyà rẹ̀ wà nínú irin kékeré oníhò tí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná, kí ó sì tó ṣílẹ̀kùn, àwọn yòókù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jí tán. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Síbẹ̀, GZ34 ní èèwọ̀. Kàpásítọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò tẹ̀lé e kò gbọdọ̀ ju 60 máíkírófáràdì lọ. Ọ̀pọ̀ ń fi 220 síbẹ̀ kí ìró kíkùn lè lọ, wọn kò mọ̀ pé ńṣe ni kàpásítọ̀ ńlá ń já iná gbà lẹ́ẹ̀kan náà, tí iná fi ń ta pàà nínú gíláàsì. Ṣóòkù, wáyà tí a wé mọ́ irin, ni kí wọ́n fi tẹ̀lé kékeré, kí ńlá wá tẹ̀lé ṣóòkù. GZ34 tí ilé-iṣẹ́ Mullard ṣe ní Blackburn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti di ọ̀wọ́n gógó. Èyí tí wọ́n ń ṣe nísinsìnyí ní Slofákíà tàbí Rọ́ṣíà tó lò, bí a bá bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbàgbé pé kàpásítọ̀ a máa pa iná mọ́ sínú lẹ́yìn tí a bá ti yọ áńpílífáyà kúrò lára iná ògiri, iná náà sì lè pa ènìyàn. Ẹ so resísítọ̀ 220 kilo-óòmù, tí ó lè gba wáàtì 2, mọ́ kàpásítọ̀ náà títí láé, kí ẹ sì fi mítà wọ̀n ọ́n títí yóò fi wálẹ̀ sí òdo, kí ọwọ́ yín tó kan wáyà kankan níbẹ̀.