Ìdánwò Tó Ń Wo Gígùn Purotéènì

Ní ọdún 1993, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Leiden, ní Nẹ́dálándì, gbé ọgbọ́n kan jáde tí mo kà sí ọ̀kan lára iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò tó rẹwà jù lọ. Àrùn Duchenne, tó ń jẹ iṣan àwọn ọmọkùnrin run, ni wọ́n dojú kọ. Lọ́dún kan náà, àwọn ará Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà lo irú ọgbọ́n yìí fún jíìnì APC, èyí tí àbùkù rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ìfun nínú àwọn ìdílé kan.

Purotéènì APC gùn, amino acid 2,843 ló wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó ni kíka lẹ́tà jíìnì náà lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà yẹn. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi PCR sọ abala jíìnì náà kan di púpọ̀, wọ́n á so àmì ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lórí, wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ omi inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ehoro, tó ṣì lè ṣe purotéènì nínú túùbù. Methionine onítànṣán ni wọ́n fi ń sàmì sí i. Bó bá dórí jẹ́ẹ̀lì, odindi purotéènì á rọra rìn, á dúró lókè. Èyí tí àṣìṣe gé kúrú á sáré lọ sísàlẹ̀, bí ọmọdé tó gba ihò ọgbà kọjá níbi tí àgbà ti há. Ìyàtọ̀ náà á hàn kedere!

Àṣìṣe tó kàn pààrọ̀ amino acid kan láì gé purotéènì kò ní hàn níbẹ̀. Lónìí, sequencing, ìyẹn kíka lẹ́tà jíìnì, ti gba ipò ìdánwò yìí ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ̀yin olùkọ́ báyọ́lọ́jì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣì máa fi kọ́ àwọn ọmọ.