Ìgbà Òjò Ni Ògiri Ń Jẹ́wọ́

Iṣẹ́ ìfọlé kì í yá lásìkò òjò. Ẹni tó bá ń fọ ògiri, tó ń fọ òrùlé, tó sì ń kùn ún lágbègbè wa, láti Ọ̀wọ̀ dé Elegbeka títí dé Ìfọ́n, mọ̀ pé láti oṣù Òkúdù wọ Ọwẹ́wẹ̀, àkàbà kàn ń fẹ̀yìn ti ògiri lásán ni. Páànù ń yọ̀, ọ̀dà kì í gbẹ. Oníbàárà á tún bi ọ́ pé, “Ṣé òjò kọ́ ló ń bá mi fọ ilé lọ́fẹ̀ẹ́ yìí?” Ìbéèrè yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí òjò tó ń sọ gan-an ló ń ba ilé náà jẹ́.

Síbẹ̀, tí wọ́n bá ní kí n mú ìgbà kan tí mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí jù nínú ọdún, ìgbà òjò ni màá mú.

Kì í kúkú ṣe òjò nìkan ló ń lé iṣẹ́ lọ. Owó wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù lágbègbè yìí, kòkó, iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́lé. Kòkó tó pọ̀ kì í jáde títí ọdún á fi dé ìparí. Kó tó dìgbà náà, oògùn tí wọ́n ń fín sí i kó má baà rà lójò ń gbówó lọ, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ sì ń dúró de oṣù Ọwẹ́wẹ̀. Ta ni yóò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ọ̀dà? Ìgbà tí kòkó bá ti di owó, tí àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó ń múra Kérésì, gbogbo wọn á fẹ́ kí n wá lọ́jọ́ kan náà. Kànga á sì ti lọ sílẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí omi wà nílẹ̀, iṣẹ́ ò sí. Nígbà tí iṣẹ́ dé, omi di ohun à ń rà.

Ohun tí òjò fi ń san án fún mi ni pé ògiri máa ń jẹ́wọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀rùn, gbogbo ilé ló jọra, eruku pupa ti bò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí òjò ńlá kan rọ̀, kí ẹ wá dúró síta. Ẹ ó rí ibi tí gọ́tà ti dí, tó ń da omi sára ògiri. Ẹ ó rí ibi tí páànù ti kúrú, tí omi ń já sórí fèrèsé dípò ilẹ̀, àti ibi tí ilẹ̀ ti ń ta ẹrẹ̀ padà sí ìdí ilé. Apá tí igi máńgòrò ṣíji bò ló máa ń kọ́kọ́ tutù, òun náà ló sì máa ń kẹ́yìn gbẹ. Tí mo bá ti wo gbogbo èyí, mo ti mọ iṣẹ́ tí mo máa ṣe nínú oṣù Belu àti iye tí màá pè é. Afọlé tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn ló kọ́kọ́ rí ilé, àbàwọ́n ló ń fọ̀. Kò mọ ibi tí àbàwọ́n ti wá.

Ìgò kékeré kan máa ń wà lápò mi tí mo po Hypo mọ́ omi sí. Mo máa ń fi pa ojú kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ lára ògiri, kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí nǹkan tútù aláwọ̀ ewé tó bo ibẹ̀ bá ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, tó wá ṣì, a jẹ́ pé ohun abẹ̀mí ló lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Oògùn ni yóò pa á, ipá ò lè ràn án. Tí kò bá yí padà, ìdọ̀tí lásán tàbí ìpẹtà ni, ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má po Hypo mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ṣalángá. Èéfín rẹ̀ lè pa èèyàn.)

Ipá ni àwọn ọ̀dọ́ inú iṣẹ́ yìí fẹ́ràn. Ẹ̀rọ tí àwọn afọmọ́tò fi ń tú omi dára lórí símẹ́ńtì líle àti táìsì, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Elegbeka, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, símẹ́ńtì kàn bò ó lójú ni. Kọjú omi ẹ̀rọ yẹn sí ibi tó ti sán, omi á gba ibẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀, símẹ́ńtì náà á sì ṣí kúrò lódindi bí èèpo ẹyin sísè. Korobá, búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ àti sùúrù ni ti irú ilé bẹ́ẹ̀. Mo máa ń fi ọwọ́ ra ògiri kí n tó tan ẹ̀rọ: tí ẹfun funfun bá bo àtẹ́lẹwọ́ mi, ọ̀dà tó wà níbẹ̀ ti kú, ẹni tó bá kun òmíràn lé e ń kùn ún sórí eruku.

Ti ọ̀dà kíkùn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ògiri lè gbẹ lójú kó tutù nínú. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń fi téèpù lẹ ọ̀rá tó mọ́ gaara mọ́ ara rẹ̀ yí ká, kí afẹ́fẹ́ má wọ ibẹ̀. Tí mo bá rí ìkán omi nínú ọ̀rá láàárọ̀, n kò ní ṣí garawa ọ̀dà, ohun yòówù tí onílé ì báà sọ. Ọ̀dà tí wọ́n bá fi dí omi mọ́nú ògiri á wú, á sì ṣí.

Ọ̀wọ̀ kì í jẹ́ kí ìsinmi wa pé. Oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ni ọdún Ìgogo máa ń bọ́ sí, ọjọ́ 17 tí wọ́n fi ń rántí Ọ̀rọ̀nṣẹn, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹrẹ́ngẹjẹ́n. Wọn kì í lu ìlù nígbà náà, agogo ni. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Àwọn tó ń retí àlejò á fẹ́ kí iwájú ilé mọ́. Òjò sì máa ń yà díẹ̀ nínú oṣù Ògún. Àárín yẹn ni mo ń sáré fọ ojú ilé. Òrùlé ń dúró de ẹ̀ẹ̀rùn.

Kì í ṣe òní ni ọdún ti ń pe akunlé jáde. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ló ń tún ojúbọ Òrìṣà Ìkirè kùn lọ́dọọdún. Bọ́lájí Campbell kọ ìwé kan tó jáde ní 2008 lórí irú iṣẹ́ ọnà báyìí. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé ọwọ́ obìnrin ló pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ tí àwa ọkùnrin sọ di tiwa yìí.

Ní Amẹ́ríkà, òtútù ló ń lé àwọn elégbẹ́ wa sílé. Omi tó bá dì nínú ẹ̀rọ á fọ́ ọ, ọ̀pọ̀ wọn á sì máa gbowó so iná Kérésì mọ́ òrùlé. Tiwa lásìkò òjò ni gọ́tà kíkó, ilẹ̀ símẹ́ńtì ilé epo tí a ń bá wọn fọ̀ lóṣooṣù, àti oko ẹ̀gẹ́ fún ẹni tó bá ní agbára. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Ẹ̀bìbí 2023, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì wọ́n, sólà ti pọ̀ lórí ilé, eruku ọyẹ́ sì ń dín agbára rẹ̀ kù. Ìdájí ni mo ń fọ̀ ọ́, kí oòrùn tó mú un gbóná, aṣọ rírọ̀ àti omi lásán.

N kì í tọ́jú Hypo púpọ̀ di ẹ̀ẹ̀rùn, agbára rẹ̀ ń lọ bó ṣe ń pẹ́, pàápàá níbi gbígbóná. Mo máa ń fa epo inú ẹ̀rọ gbẹ kí n tó gbé e sílé, torí epo tó bá pẹ́ nínú kábúrétọ̀ á di bí oje, á sì dí i. Owó ẹ̀ẹ̀rùn, apá kan rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ alájọ, mo sì ní kó má fún mi títí di oṣù Agẹmọ, bí mo tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Ìgbà àìríṣẹ́ kan tún wà tí kì í ṣe ti ojú ọjọ́. Nínú oṣù Belu 2020, àwọn agbébọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Adégòkè Adéùsì, lágbègbè Elegbeka níbí. Láti ìgbà náà, àwọn onílé kan kì í wálé mọ́. Wọ́n ń fi owó ránṣẹ́, mo ń fi fọ́tò jíyìn, mo sì máa ń rí i pé ilẹ̀ ò ṣú bá mi lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin onílé, ẹ má dúró de oṣù Ọ̀pẹ kí ẹ tó pè wá. Ẹ pè wá nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí a jọ wo ibi tí omi ń gbà, kí ẹ sì san díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó iṣẹ́ náà nígbà yẹn.