Awọ Tuntun fún Síìtì Ọ̀kadà

Ọ̀rá ni wọ́n fi ń wé síìtì ọ̀kadà tó bá ti ya, ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ràbà táyà so mọ́lẹ̀ gírígírí. Bí òjò bá rọ̀ lóru, fóòmù inú rẹ̀ á mu omi yó, ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó lé e láàárọ̀ ni yóò sì fi ṣòkòtò rẹ̀ fa omi náà jáde. Ó ti ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí nígbà òjò kan n'Ìbàdàn. Ọlọ́kadà tó gbé mi bẹ̀ mí títí, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń rán síìtì nítòsí Agodi Gate lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Mo tẹ̀lé e lọ. Láti ìgbà náà, bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá, mo máa ń yà kí Bàbá lábẹ́ páànù rẹ̀, n óò sì jókòó wo iṣẹ́.

Bàbá kì í sáré mú abẹ. Ó máa ń kọ́kọ́ wo síìtì náà pẹ́, nítorí ibi tí síìtì ti ń gbó kì í jọra. Ti ẹni tó ń gbé èrò méjì lẹ́ẹ̀kan náà máa ń jin kòtò níwájú, lẹ́bàá táńkì, níbi tó ń sún sí kí àyè lè gba àwọn tó wà lẹ́yìn. Ti ẹni tó ń di ẹrù máa ń ya lẹ́yìn, níbi tí okùn ti ń ha á. Èyí tí wọ́n ń gbé sínú oòrùn lójoojúmọ́ á sán gbogbo òkè rẹ̀ bíi gìgísẹ̀ tí ọyẹ́ là. Lẹ́dà ni a ń pe awọ yìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹran tó ni ín. Ike ni, tí wọ́n tẹ́ sórí aṣọ, tí wọ́n sì po ohun tó ń mú un rọ̀ mọ́. Oòrùn á máa fa ohun náà jáde díẹ̀díẹ̀ títí ike yóò fi gan, tí yóò sì là. Ibi tó bá ti là ni omi ń gbà wọlé.

“Ẹrù lò ń gbé,” Bàbá wí fún ọmọkùnrin kan lójú mi, kí onítọ̀hún tó la ẹnu.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Èédú ni mo ń kó láti Mọ́níyà.”

Bàbá mi orí, ó sì yan lẹ́dà tó nípọn jù fún ìdí síìtì náà.

Títú awọ àtijọ́ ní sùúrù tirẹ̀. Lára àwọn síìtì onírin àtijọ́, bíi ti Honda CG125 tó kọ́kọ́ jáde ní 1976, eyín irin wẹ́wẹ́ ló di awọ mú lábẹ́. Bí o bá fi agbára ká a sókè, tí ìpẹtà sì ti jẹ ẹ́, kíkán ni yóò kán. Ti Boxer tó ń wá láti Íńdíà ní ìdí oníke, píìnì ni wọ́n kàn mọ́ ọn, Bàbá á sì fi púláyà yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò ní ju awọ náà nù. Ó máa ń fi abẹ já òwú rẹ̀, á pín in sí abala-abala, á tẹ́ ẹ lé lẹ́dà tuntun, á sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká. Níbi tí ìdí ti ń jókòó, inú ìlà ló ń gé sí, torí awọ àtijọ́ ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá gé e bó ṣe bá a, síìtì rẹ̀ á hunjọ kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ibi fóòmù ni mo fẹ́ràn jù. Bàbá á fún omi inú rẹ̀, á sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ dénú, á wá gé ibi tó ti kú kúrò. Kò gbà kí wọ́n bá òun mú fóòmù tí a ń sùn lé wá, ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni yóò tẹ̀ mọ́ irin. Èyí tó le ló ń lò. Ó ń fi gọ́ọ̀mù pa ojú méjèèjì, á dúró títí gọ́ọ̀mù kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, á wá gbé ọ̀kan lé èkejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí bí wọ́n bá ti fara kanra, kò sí sísún mọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò fi abẹ ayùn irin gé e, tí yóò fi sánpépà líle ha á. Á di ojú, á fi àtẹ́lẹwọ́ rá a láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dúró, ojú mi kì í rí nǹkan kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun á tún ibẹ̀ ha. Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń fi bò ó kí awọ tó bọ́ sí i.

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúdú tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ló fi ń rán an, pẹ̀lú òwú ọ̀rá, nítorí òjò àti òógùn á jẹ òwú lásán rà. Ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń jìnnà síra. Bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, ojú ihò yẹn náà ni lẹ́dà yóò gbà ya. Aṣọ a máa pa ojú abẹ́rẹ́ rẹ́, lẹ́dà kì í pa á rẹ́, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ni Bàbá ń rán. Mi ò tíì rí i kó tú u rán rí.

Ó ku fífà. Á sá awọ sóòrùn díẹ̀ kó lè rọ̀, á fà á bọ orí fóòmù, á kan imú, á kan ìdí, á wá máa ti àárín lọ sí ìpẹ̀kun, ọ̀tún kan, òsì kan, títí gbogbo ìhunjọ yóò fi tán. Ọmọ eléèédú ti ń na ọwọ́ gbà á, Bàbá ò fún un. Ó dojú síìtì dé sórí itan, ó gé etí awọ tó ṣẹ́kù dọ́gba, ó sì ń kan píìnì lé àlàfo tó kù, tí ọ̀kan ò sún mọ́ èkejì ju bó ṣe yẹ lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní wò títí di ọjọ́ tí oníṣẹ́ mìíràn yóò tún tú u.